Yíyan igi ẹ̀gẹ́ tí fáírọ́ọ̀sì kò tíì wọ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ yan igi ẹ̀gẹ́ tí ẹ máa gbìn nígbà tí ewé ṣì wà lórí rẹ̀. Èyí tí ewé rẹ̀ lọ́, tó ní àbàwọ́n àwọ̀ ìyeyè, ẹ má gé e rárá. Àìsàn tí fáírọ́ọ̀sì ń fà nìyẹn, kò sí oògùn tó lè wò ó. Bí ewé àkọ́yọ bá ti ṣàìsàn, inú igi tí ẹ gbìn ló ti wá. Bó bá jẹ́ ewé òkè nìkan, eṣinṣin funfun kéékèèké ló gbé e wá.

TME 419, irú ẹ̀gẹ́ kan, kì í tètè kó àìsàn yìí, bẹ́ẹ̀ wọn kò ki jíìnì (èròjà àbùdá) kankan bọ̀ ọ́. Igi olóṣù 8 sí 12 ni kí ẹ gé, kí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25, kí ojú tí ewé ti ń yọ lára rẹ̀ tó 5 sí 7. Láàárín oṣù 2 àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá gbìn ín, ẹ hú èyí tó bá ṣàìsàn.