Mímí hẹlẹhẹlẹ nígbà ìrìn: ohun tó yẹ kí àgbàlagbà máa ṣọ́

Kò sí àgbà tó gun Òkè Ìtasẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tí kò ní mí hẹlẹ. Ìyẹn nìkan kọ́ ni àìsàn. Ohun tó yẹ kó kọ yín lóminú ni ọ̀nà tí ẹ ń rìn tẹ́lẹ̀ láìsinmi, tó wá di pé ẹ ń dúró lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó dé.

Ẹ mú ọ̀nà kan ṣoṣo tó tẹ́jú, kí ẹ lè fi tòní wé ti oṣù tó kọjá. Pápá iléèwé àdúgbò sàn ju títì Lágéré tí èéfín ọkọ̀ pọ̀ sí. Ẹ rọra rìn fún ìṣẹ́jú 5, ẹ yára fún 10, ẹ tún rọra fi 5 parí. Ẹ má dúró lójijì: ẹ̀jẹ̀ á ṣàn sí ẹsẹ̀, òòyì á kọ́ yín. Bí ara bá gbà á, ẹ máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un lọ́sẹ̀, títí yóò fi di 30 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀.

Ẹnu yín ni òṣùwọ̀n. Bí ẹ bá lè kí èèyàn pé "ẹ káàárọ̀, ṣé dáadáa lẹ jí, àwọn ọmọ ńkọ́?" láìdá a sí méjì, àmọ́ tí ẹ kò lè kọrin, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu yín, ẹ dẹwọ́. Bí ẹ bá parí, ẹ wo aago: ó yẹ kí èémí ti padà sípò láàárín ìṣẹ́jú 10. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú ló sábà máa ń ba ọkàn jẹ́ nílẹ̀ wa. Ọkàn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ti ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ipá á le, kò ní lè tú ara sílẹ̀ dáadáa mọ́; ẹ̀jẹ̀ á há sẹ́yìn, omi á sì jò sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí èémí fi ń burú sí i béèyàn bá dùbúlẹ̀. Ẹni tó ń sun ìrọ̀rí kan tẹ́lẹ̀ tó wá ń to mẹ́ta, tó ń jí lóru wá afẹ́fẹ́ lójú fèrèsé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tí bàtà kò gbà á mọ́, tàbí tó fi kìlógíráàmù 2 wúwo sí i láàárín ọjọ́ 3: omi ló ń kó jọ, kì í ṣe ọ̀rá. Kó lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, amlodipine, náà lè wú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dá a dúró fúnra yín. Àìtó ẹ̀jẹ̀ nínú ara náà máa ń fa mímí hẹlẹ. Àyẹ̀wò ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà tàbí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Ifẹ̀, ẹ kó gbogbo oògùn yín dání, títí kan àgbo, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹ nílò ECG (àyẹ̀wò tó ń wo bí ọkàn ṣe ń lù) àti àwòrán ọkàn.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè ní ìkọlù ọkàn láìsí àyà ríro, kó jẹ́ èémí nìkan ló máa há. Bí èémí bá há lórí ìjókòó, bí nǹkan bá ń tẹ àyà, bí òógùn tútù bá bo èèyàn tàbí tó bá dákú, pàjáwìrì ni. Kó má gun ọ̀kadà, kó má wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e jókòó sínú ọkọ̀, kí ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ àfi tó bá ti dákú, kí ẹ sì gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.