Ọ̀rá ni mo fojú sí, iyọ̀ ni mo bá nínú wàràkàṣì mi

"Ẹ̀yin bàbá, kí lẹ máa ń jẹ gan-an?" Ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì bi mí nìyẹn nígbà tí ẹ̀rọ tó fi wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi gbé 142 lórí 89 jáde. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un bí ọmọ iléèwé tó ń ka ewì: búrẹ́dì, ẹyin, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja. Nígbà tí mo dé orí wàràkàṣì, ó gbójú sókè. "Ṣíìsì? Lójoojúmọ́? Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká dín in kù." Ìyá kan tó jókòó tì mí, tí kò tilẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, dá sí i pé kí n kúkú pa á tì pátápátá, pé ọ̀rá lásán ni.

Èmi ò fẹ́ pa á tì. Bí mo bá ṣí fíríìjì láàárín òru, wàràkàṣì ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ ń wá. Ṣùgbọ́n n ò fẹ́ tan ara mi jẹ náà. Mo pinnu pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni n ó fi wọ̀n ọ́n, tí n ó fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá ó tọ́ kó wà nínú oúnjẹ ẹni tó ń wá ìlera, àbí kí n dágbére fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo gé e bí mo ṣe máa ń gé e. Cheddar ni, èyí tó le díẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Mo gbé e lé orí ìwọ̀n kékeré tí ìyàwó mi fi ń wọn ìyẹ̀fun kéèkì. Lójú tèmi, ìwọ̀nba ni mo gé. Ìwọ̀n ní gíráàmù 74. Mo gbé e kúrò, mo nu ojú ìwọ̀n, mo tún gbé e padà. 74. Èyí tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ sábà máa ń kà sí ti ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan jẹ́ gíráàmù 30, tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Ìyàwó mi tó ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ sítóòfù kò sọ nǹkan kan. Ó kàn mú páálí ìṣáná wá, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ègé tèmi, ó sì jáde.

Lẹ́yìn náà ni mo wá jígí ojú mi rí, mo sì jókòó ti ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Ẹ má wulẹ̀ ka iwájú rẹ̀. Iwájú ni wọ́n ń ya màlúù tó ń rẹ́rìn-ín sí. Ẹ̀yìn, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú gíráàmù 100 Cheddar, kálórì lé díẹ̀ ní 400, purotéènì tó nǹkan bí gíráàmù 25, ọ̀rá tó nǹkan bí gíráàmù 35. Nínú ọ̀rá yẹn, nǹkan bí 22 ló jẹ́ irú tó máa ń dì bó bá tutù, èyí tí wọ́n ń kọ síbẹ̀ pé saturated fat. Kálíṣíọ́mù ju mílígíráàmù 700 lọ. Iyọ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 1.8. Àwọn páálí mìíràn kì í kọ iyọ̀, sódíọ́mù, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀, ni wọ́n ń kọ. Bẹ́ ẹ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ sódíọ́mù náà di ìlọ́po 2.5, iyọ̀ yóò jáde. Ó gbà mí tó ọjọ́ méjì kí n tó mọ̀ pé iye kékeré tí mò ń rí lára páálí kan tí mo ti ń yìn kì í ṣe iyọ̀ rárá.

Kí n tó máa ṣe ìṣirò, n ò tíì rò ó rí ìdí tí ègé kékeré fi lè gbé ẹrù tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan bíi lítà mílíìkì 10 ló ń di kílò kan wàràkàṣì tó le. Omi ló bá tirẹ̀ lọ, ohun tó kù sì ni ọ̀pọ̀ nínú dúkìá mílíìkì: purotéènì, ọ̀rá, kálíṣíọ́mù, àti fítámì B12. Ẹni tó bá jẹ gíráàmù 74, bí ẹni pé ó mu nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà mílíìkì ni, láìmọ̀ pé òun mu nǹkan kan.

Mo wá ṣí ìwé, mo fa ìlà sí i, mo kọ ti ọjọ́ kan péré. Àárọ̀: gíráàmù 74 yẹn, iyọ̀ 1.3, ọ̀rá dídì 16. Alẹ́: ègé méjì irú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dì lọ́kọ̀ọ̀kan sínú láìlọ́ọ̀nù, gíráàmù 40 lápapọ̀, iyọ̀ 1, ọ̀rá dídì 5. Ègé búrẹ́dì mẹ́rin tí mo fi jẹ wọ́n, iyọ̀ 1.6. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́. Tèmi ti sún mọ́ 4, mi ò sì tíì gbé ìkòkò kaná.

Ibẹ̀ ni mo ti dẹ́kun ẹ̀rín. Ọ̀rá ni mo ti ń ṣọ́ láti ọjọ́ yìí wá, nítorí òun ni gbogbo ayé ń pariwo. Àjọ kan náà ní kí ọ̀rá dídì má kọjá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kálórì tí èèyàn ń jẹ. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000, gíráàmù 22 nìyẹn. Èmi ti jẹ 21 nínú wàràkàṣì nìkan. Nítorí náà, ìyá tó jókòó tì mí kò parọ́ tán. Ṣùgbọ́n kò sọ òótọ́ tán náà. Àwọn onímọ̀ ti fi wàràkàṣì wé bọ́tà, wọ́n fún àwọn èèyàn ní ọ̀rá tó dọ́gba láti inú méjèèjì, wọ́n sì rí i pé ti wàràkàṣì kì í gbé kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú sókè tó ti bọ́tà. Ọ̀rá inú rẹ̀ kò dá wà. Purotéènì àti kálíṣíọ́mù ló yí i ká, kálíṣíọ́mù a sì máa di díẹ̀ nínú rẹ̀ mú nínú ìfun, tí yóò bá ìgbẹ́ jáde. Ìyẹn kò sọ ọ́ di oògùn o. Ó kàn jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe òun ni mo yẹ kí n kọ́kọ́ bá jà.

Iyọ̀ ni. Mo kọ́kọ́ rò pé nítorí adùn ni wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ sí i, pé bí mo bá wá a dáadáa n ó rí èyí tí kò ní iyọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ ló ń lé omi tó kù jáde lára rẹ̀, òun ló ń kó àwọn kòkòrò bakitéríà ní ìjánu kí wọ́n má ba iṣẹ́ jẹ́, òun ló sì ń mú kó lè pẹ́ nílẹ̀ kó tó gbó. Ẹni tó bá fẹ́ wàràkàṣì tó ti gbó, yóò bá iyọ̀ pàdé. Ohun tó kù ni kéèyàn mọ èyí tí tirẹ̀ pọ̀ àti èyí tí tirẹ̀ mọ níwọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo fi wá ìyẹn. Feta àti Halloumi, tí wọ́n ń rẹ sínú omi iyọ̀, ló ga jù nínú àwọn tí mo kà: gíráàmù 2.5 sókè nínú 100. Bí mo bá fi omi tútù rẹ Feta fún wákàtí kan, iyọ̀ rẹ̀ a máa rọlẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í tán. Irú pẹlẹbẹ inú láìlọ́ọ̀nù náà wà lókè, nítorí wọ́n ń fi àwọn èròjà oníyọ̀ mìíràn yọ́ ọ pọ̀ kó lè dán. Mo pa èyí tì, n kò sì sunkún rẹ̀. Emmental, èyí tó ní ihò lára, ló yà mí lẹ́nu: iyọ̀ rẹ̀ kò tó ìdajì ti Cheddar. Mozzarella tútù tó wà nínú omi náà kò ga. Parmesan ní iyọ̀ tó tó ti Cheddar, ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ gíráàmù 74 Parmesan? Òórùn rẹ̀ le débi pé bí mo bá rin gíráàmù 10 sórí àwo ẹ̀wà, gbogbo àwo náà ni yóò gbọ́.

Mo tún ra èyí tí wọ́n kọ sí i pé wọ́n ti dín ọ̀rá rẹ̀ kù. Iyọ̀ rẹ̀ ju ti èyí tó ní ọ̀rá lọ. Nígbà tí mo yọ́ ọ lórí búrẹ́dì, ó ń fà bíi ròbà. Ọmọ mi obìnrin ní, "Dádì, ṣé ẹ̀yin náà ń jẹ ẹ́ ni àbí ẹ̀ ń jìyà?" Mi ò ra á mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo sọ pé n ó kúkú ṣe tèmi. Wàràkàṣì tútù tí kò ní iyọ̀ rárá kò le láti ṣe, ṣùgbọ́n mo ba èkíní jẹ́. Mo gbé lítà méjì mílíìkì kaná, kò tíì gbóná tán tí mo ti ń da omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, tí mo sì ń rò ó kíkankíkan bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ohun tí mo rí ni omi funfun tó ní ìyàngbò kéékèèké nínú. Ó yọ́ gba ojú aṣọ jáde, ṣíbí mẹ́ta péré ló kù sórí rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo fara balẹ̀. Mílíìkì tí wọn ò yọ ọ̀rá rẹ̀ ni mo lò, kì í ṣe irú tí wọ́n ti sè kọjá ààlà kó lè pẹ́ nínú páálí lóṣù mẹ́fà, nítorí ìyẹn kì í dì dáadáa. Mo gbé e kaná pẹ́lú ọwọ́ lórí ṣíbí kó má baà jó nísàlẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, tí etí rẹ̀ ń hó, mo pa iná. Mo wá ń da omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀, ṣíbí ńlá mẹ́rin lápapọ̀, mo ń fi ṣíbí yí i lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, mo sì dúró. Lójú mi báyìí ló yà: funfun gba tiẹ̀, omi tó dà bí àwọ̀ ewé gbígbẹ gba tiẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 ni mo fi bò ó. Mo sẹ́ ẹ pẹ̀lú aṣọ funfun tó mọ́, mo fi omi tútù ṣàn án kí kíkan rẹ̀ lè lọ, mo so aṣọ náà, mo sì gbé òkúta wúwo lé e fún wákàtí kan. Ó jáde ní gíráàmù 340, rírọ̀, aláìníyọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jẹ ẹ́ tán nínú fíríìjì, nítorí ohun tí kò ní iyọ̀ kì í dúró de èèyàn. Ata díẹ̀ àti ewé olóòórùn dídùn ni mo fi rọ́pò iyọ̀ lórí rẹ̀. Ọjọ́ kìíní, ẹnu mi ń bínú. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti gbà.

Ohun kan wà tí n kò retí: àárọ̀ tí mo bá jẹ gíráàmù 30 pẹ̀lú tòmátò, kùkúmbà àti ègé búrẹ́dì kan tí wọn ò yọ èèpo àlìkámà rẹ̀, ebi kì í tètè pa mí. Wàràkàṣì kò ní okun oúnjẹ kankan nínú, èyí tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọrùn, nítorí náà bó bá dá wà pẹ̀lú búrẹ́dì funfun, nǹkan ò ní lọ déédéé. Ẹni tó ti ṣe é rí mọ ohun tí mò ń wí.

Bí mo ṣe ń sọ ìtàn yìí káàkiri, oníkálùkù ń gbé tirẹ̀ wá. Ọ̀rẹ́ mi kan tí mílíìkì máa ń ru nínú bi mí bóyá òun lè jẹ ẹ́. Èyí tó ti gbó dáadáa kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní láktóòsì mọ́, ìyẹn ṣúgà inú mílíìkì tó máa ń ru irú wọn nínú, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti bá omi lọ, bakitéríà sì ti jẹ ìyókù. Ó fi ègé tí kò ju èékánná kan lọ bẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Àbúrò ìyàwó mi lóyún, òun ni mo ní kó má fọwọ́ kan èyí tó rọ̀ tí èèhù funfun bò lára, àti èyí tí wọ́n fi mílíìkì tútù tí wọn ò sè ṣe, nítorí kòkòrò Listeria tó lè pa ọmọ inú lára. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn irú tí wọ́n ń pè ní MAOI, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó jẹ wàràkàṣì gbígbó. Èròjà tíráámínì inú rẹ̀ lè mú ẹ̀jẹ̀ ru lójijì.

Mo padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹrin. 133 lórí 84. N kò ní sọ pé wàràkàṣì ló ṣe é, nítorí mo ti dín búrẹ́dì kù, mo sì ń rìn lálaalẹ́. Mo ṣí ìwé mi hàn án: Emmental gíráàmù 30, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, Parmesan díẹ̀ lórí ẹ̀wà, tútù aláìníyọ̀ nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ó kà á láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá, kí ló dé tẹ́ ò ṣe báyìí wọn iyọ̀ ọbẹ̀?" Iṣẹ́ mìíràn nìyẹn.

Lánàá, mo gé e láìwo ìwọ̀n láti dán ojú mi wò. Gíráàmù 33. Mo gé mẹ́ta kúrò létí, mo wo ẹ̀yìn bóyá ìyàwó mi ń bọ̀, mo sì sọ ọ́ sẹ́nu.