Bí A Ṣe Ń Dá Owó Oníbàárà Padà Nígbà Tí Ọjà Bá Bàjẹ́ Lójú Ọ̀nà

Abọ́ tánganran, ife onídígí àti bùlẹ́ńdà ni mo ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Wuse ní Abuja, ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà mi sì wà ní Kaduna, Minna, Jos àti Kano. Ẹni tí ó bá ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò lè sá fún ọjọ́ tí oníbàárà yóò fi àwòrán abọ́ tí ó fọ́ ránṣẹ́ sí i. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùtajà mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú ọjà tí ó bàjẹ́ lójú ọ̀nà: ọ̀kan wà láàárín yín àti oníbàárà, èkejì wà láàárín yín àti ẹni tí ó gbé ẹrù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ti oníbàárà dúró de ti awakọ̀.

Mo ti ṣe àṣìṣe yìí rí. Mo fi abọ́ 12 ṣe waybill láti gáréèjì kan ní Utako sí ìyá kan ní Kaduna, 3 sì fọ́ nínú wọn. Mo bẹ ìyá náà pé kí wọ́n ní sùúrù kí n kọ́kọ́ gbọ́ ti awakọ̀. Awakọ̀ ní òun kò mọ ohun tí ó wà nínú páálí. Àwọn tí ń bójú tó gáréèjì ní kò sí rìsíìtì lọ́wọ́ mi, nítorí náà kò sí ẹjọ́. Ọ̀sẹ̀ 3 ti kọjá kí n tó san owó tí mo ì bá ti san ní ọjọ́ kejì, ìyá náà kò sì rajà lọ́wọ́ mi mọ́ láti ìgbà náà.

Òfin pàápàá kò fi wá sílẹ̀ láti ṣe bí ó ti wù wá. Abala 122 nínú òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà sọ pé ẹni tí kò ní àǹfààní láti yẹ ọjà wò kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀ lè kọ̀ ọ́ láàárín àsìkò tí ó bọ́gbọ́n mu, kí ó sì gba owó rẹ̀ padà ní kíkún, bí ọjà náà kò bá bá àpèjúwe mu tàbí tí kò dára tó bí a ti ṣe àdéhùn rẹ̀. Ẹni tí ó rajà lórí WhatsApp wà lára àwọn tí òfin yìí ń dáàbò bò. Gbólóhùn “a kì í dá owó padà” tí àwọn kan ń kọ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì kò sì lè gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìdíje àti ààbò oníbàárà, ni ó ń mú òfin náà ṣẹ, oníbàárà sì lè fi ẹ̀sùn kan olùtajà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ gbọ́dọ̀ mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀, iṣẹ́ yìí sì ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ẹrù tó kúrò nílé. Ẹ ya fídíò ọjà náà bí ẹ ti ń dì í, láti ìgbà tí ẹ ti ń wé e títí ẹ ó fi lẹ páálí pa. Ẹ sọ fún oníbàárà kí ó tó sanwó pé kí ó ya fídíò bí ó ti ń tú ẹrù, kí ó sì fi tó yín létí láàárín wákàtí 48 bí ohunkóhun bá bàjẹ́. Bí ìròyìn bá wá dé, ẹ béèrè àwòrán páálí látòde, ti inú rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ fi tì í, àti ti ọjà náà fúnra rẹ̀. Páálí tí ó tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan yóò sọ fún yín pé ẹrù mìíràn ni wọ́n tò lé e lórí. Bí páálí kò bá ní àbààwọ́n tí abọ́ inú rẹ̀ sì fọ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ kò dì í dáadáa.

Ọ̀nà tí a ń gbà béèrè ṣe pàtàkì, nítorí inú oníbàárà ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, kò sì yẹ kí ó dà bí ẹni pé à ń pè é ní òpùrọ́. Èyí ni mo sábà máa ń kọ: “Ẹ káàárọ̀ Mà. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má bínú. Mo ti rí ọ̀rọ̀ yín, n ó sì tún un ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ya àwòrán páálí náà látòde àti nínú, kí n lè mọ iye tí n ó dá padà fún yín lónìí.”

Ní ti iye owó, ẹ jẹ́ kí oníbàárà yàn. Bí abọ́ 12 bá jẹ́ ₦36,000 tí 3 sì fọ́, ₦9,000 tọ́ sí i bí ó bá fẹ́ lo èyí tí ó kù. Bí ó bá jẹ́ pé fún àpèjẹ ni ó rà á, tí abọ́ 9 kò sì wúlò fún un, ẹ san gbogbo ₦36,000, kí ẹ sì fi owó ọkọ̀ tí ó san kún un. Ẹ má ṣe ní kí ó fi àfọ́kù ránṣẹ́ padà. Bùlẹ́ńdà tí ife rẹ̀ nìkan là yàtọ̀: ẹ lè fi ife tuntun ránṣẹ́ sí i, kí owó ọkọ̀ sì jẹ́ ti yín.

Àkántì tí owó ti wá ni kí ẹ dá a padà sí. Bí wọ́n bá fi àkántì tí ó ní orúkọ ẹlòmíràn ránṣẹ́, ẹ pe oníbàárà lórí fóònù kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí àwọn oníjìbìtì máa ń gba WhatsApp mọ́ ẹni tí ó ni ín lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá kọjú sí ẹni tí ó gbé ẹrù. Ẹ kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, pẹ̀lú fídíò àti rìsíìtì tí iye ọjà wà lórí rẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rìsíìtì náà, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ iye tí wọn yóò san mọ. Fún ọjà olówó gọbọi, mo fẹ́ràn ilé iṣẹ́ tí ó ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ NIPOST (ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba àpapọ̀) ju waybill gáréèjì lọ, bí ó tilẹ̀ wọ́n jù. Èmi máa ń yọ ₦300 sọ́tọ̀ lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan. Inú rẹ̀ ni mo ti ń san ti oníbàárà, inú rẹ̀ náà ni mo ń dá ohunkóhun tí awakọ̀ bá san padà sí, ì báà ṣe ìdajì.