Oògùn oorun ọmọdé kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

"Èwo ló ń tètè mú ọmọ sùn?" Ìbéèrè yìí gan-an ni àṣìṣe àkọ́kọ́. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe fún ọmọ náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Midazolam, ọ̀kan lára àwọn oògùn yìí, kì í sábà mú ọmọ sùn fọnfọn. Ìbẹ̀rù ló ń lé lọ, ó sì ń jẹ́ kí ọmọ gbàgbé ohun tójú ẹ̀ rí. Ó dáa bí wọ́n bá fẹ́ rán ojú ọgbẹ́. Bẹ́ ẹ bá fún ọmọ ní òun nìkan, tẹ́ ẹ wá gbé e sínú MRI, ẹ̀rọ aláriwo tó ń ya àwòrán inú ara, yóò mi orí, àwòrán á bàjẹ́. Oògùn mìíràn, chloral hydrate, ló ń mú ọmọ kékeré sùn débi tí kò ní mira. Méjèèjì kì í pa ìrora o: bí ọmọ bá tiẹ̀ ń tòògbé, abẹ́rẹ́ apàmọ̀lára ṣì di dandan.

Ẹ má fojú díwọ̀n ọmọ, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n. Midazolam tí wọ́n ń mu jẹ́ 0.5 mg fún kílò kan, kò sì gbọ́dọ̀ ju 20 mg lọ. Ọmọ kílò 12 á gba 6 mg, ìyẹn 3 ml nínú oògùn olómi tó ní 2 mg nínú ml kan. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: bó bá jẹ́ ti abẹ́rẹ́, tó ní 5 mg nínú ml kan, ni wọ́n pò mọ́ omi èso, 3 ml kan náà ti di 15 mg. Ẹ ka ara ìgò.

Oògùn náà korò, ọmọ lè tu ú dànù. Ẹ má fún un lódindi lẹ́ẹ̀kejì, torí ẹ ò mọ iye tó ti gbé mì. Midazolam ń gba ìṣẹ́jú 15 sí 30 kó tó ṣiṣẹ́, chloral hydrate 30 sí 60. Ẹni tó bá kánjú fi kún un ní ìṣẹ́jú kẹwàá, ti àkọ́kọ́ àti èyí tó fi kún un ló máa bá ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Erythromycin àti clarithromycin, tí wọ́n jẹ́ oògùn apakòkòrò, sì máa ń mú kí midazolam pẹ́ lára.

Èyí tó burú jù ni fífún ọmọ nílé kí wọ́n tó wọkọ̀. Ọmọ ti kú báyìí rí. Orí á tẹ̀ síwájú lórí àga ọkọ̀, ọ̀nà èémí á dí, ẹni tó ń wakọ̀ ò sì ní mọ̀. Oògùn kan wà, flumazenil, tó ń ká midazolam lọ́wọ́ kò. Chloral hydrate ò ní irú ẹ̀. Nítorí náà, ọ́síjìn, ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ àti báàgì tí wọ́n fi ń fẹ́ èémí sínú ọmọ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí oògùn tó kan ẹnu.

Bí ọmọ bá lajú, ìyẹn ò tíì tó. Ẹ fi í síbi tó dákẹ́ rọ́rọ́, kẹ́nikẹ́ni má ṣe jí i. Bí kò bá lè wà lójúfò fún 20 ìṣẹ́jú, kò tíì tó lọ sílé.