Mọ́tò Ínjẹ́kítọ̀ Tó Ń Mu Epo Jù: Bí A Ṣe Ń Wá Ohun Tó Ń Ṣe É

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó ra sẹ́ńsọ̀ kankan, ẹ ka èyí tán. Láti 2023 tí owó epo ti fò sókè, kì í pẹ́ kí wọ́n tó tún gbé Toyota Camry Tiny Light tàbí Nissan Primera kan wá bá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, wọ́n á ní ọ̀gá, mọ́tò yìí ń mu epo bí omi. Tí mo bá ní kí lẹ ti pààrọ̀, wọ́n á ka púlọ́ọ̀gì, wọ́n á ka ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ (èyí tó wà lára sàlẹ́ńsà tó ń wo bí epo àti afẹ́fẹ́ ṣe jó) méjì mẹ́ta, ẹlòmíì á tiẹ̀ ti ra bréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ní tòkunbọ̀, mọ́tò ò sì yí padà. Ó máa ń dùn mí, torí owó ọmọ lẹlòmíì fi ń ra gbogbo ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé epo ló pọ̀ jù lóòótọ́. Èéfín dúdú ni ti epo, tó bá ń rí bíi búlúù ọ́ìlì ló ń jó, tó bá funfun tí ò sì lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná omi ló ń wọlé, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ẹ tú gbogbo púlọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà nínú ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ fi ìka ra orí wọn. Tí epo bá pọ̀ jù, ẹ máa rí dúdú gbígbẹ tó ń kun ìka bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi igi dáná sí. Tó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ló dúdú, ohun tó kan gbogbo ẹ́ńjìnnì ni kẹ́ ẹ wá, tó bá jẹ́ ẹyọ kan, ínjẹ́kítọ̀ tibẹ̀, èyí tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, ló ń jò tàbí iná ò dé ibẹ̀ dáadáa. Tí gbogbo wọn bá mọ́, ẹ lọ wo búrákì bóyá ó ń di táyà mú, kẹ́ ẹ sì wo abẹ́ táǹkì. Ẹ fa igi tí a fi ń wọn ọ́ìlì jáde, ẹ gbóòórùn ẹ̀, tó bá ń rùn epo, ẹ fi sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Fílítà afẹ́fẹ́, tó bá ti dí ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ fi skánà sí i, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tó wà nínú bréènì bọ́ọ̀sì. Èyí tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ ìdarí mọ́tò tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ tó, òun lèmi náà ń lò, ẹ má lọ ya skánà ńlá tòun towó. Tẹ́ ẹ bá rí kóòdù P0172 tàbí P0175, ohun tó ń sọ ni pé epo pọ̀ jù, kò sọ pé ẹ lọ ra ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ o! Ẹ wo fuel trim, ìyẹn iye tí bréènì bọ́ọ̀sì fi ń dín epo kù tàbí tó fi ń kún un, nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá ti lọ sílẹ̀ dé -15 tàbí -20, bréènì bọ́ọ̀sì ti mọ̀ pé epo pọ̀, ó ń dín in kù, agbára ẹ̀ ni ò gbé e. Ṣùgbọ́n tí púlọ́ọ̀gì bá dúdú tí fuel trim wá lọ sókè, á jẹ́ pé wọ́n ń tan bréènì bọ́ọ̀sì jẹ ni, ẹ wo sàlẹ́ńsà bóyá ó ń fẹ́ atẹ́gùn níwájú ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ yẹn, kẹ́ ẹ tó sọ pé sẹ́ńsọ̀ ló kú.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ rèé, ẹ fara balẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ omi. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́, méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ní wáyà kan ṣoṣo, dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń bá sọ̀rọ̀. Èkejì ní wáyà méjì, òun ló ń sọ fún bréènì bọ́ọ̀sì bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Mẹkáníìkì á wo dáṣíbọ́ọ̀dù, á rí i pé abẹ́rẹ́ dúró sáàárín, á ní sẹ́ńsọ̀ omi dáa, kò mọ̀ pé oníwáyà kan lòun ń wò. Oníwáyà méjì ló ń parọ́ pé ẹ́ńjìnnì tutù, bréènì bọ́ọ̀sì sì ń da epo sí i bí ẹni pé òwúrọ̀ kùtùkùtù la wà ní ọ̀sán gangan.

Láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó sítáàtì, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ nìkan, kẹ́ ẹ wo ìgbóná omi àti ti afẹ́fẹ́ lórí skánà. Bákan náà ló yẹ kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, torí mọ́tò ti sùn mọ́jú. Tí afẹ́fẹ́ bá ní 26 tí omi ní 5, ẹ ti rí i nìyẹn. Tí ò bá sí skánà, ẹ tú sẹ́ńsọ̀ náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kẹ́ ẹ fi mítà iná wọ̀n ọ́n. Ti Toyota wọ̀nyẹn, ní 20 dígírì ó yẹ kó wà láàárín 2,000 sí 3,000 ohm, tẹ́ ẹ bá wá ki orí ẹ̀ bọ omi gbígbóná tó ti ń mì àmọ́ tí ò tíì hó yaya, bíi 80 dígírì nìyẹn, kó já wálẹ̀ sí 200 sí 400. Tó bá dúró sókè, ẹ jù ú nù. Tuntun ni kẹ́ ẹ rà, mi ò kì í ra sẹ́ńsọ̀ omi ní tòkunbọ̀, owó ẹ̀ ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Bí sẹ́ńsọ̀ bá dáa ńkọ́? Tamosítáàtì, èyí tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná! Mọ́tò á gbóná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mẹkáníìkì á yọ ọ́ sọnù, á ní ilẹ̀ wa gbóná a ò nílò ẹ̀. Irọ́ ni. Láìsí i, omi á máa yí lọ láìdúró, tẹ́ ẹ bá wá kọrí sọ́nà Ìlọrin tí atẹ́gùn ń fẹ́ lu rédíétọ̀, ìgbóná ò ní kọjá 60, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó lé ní 80. Epo á máa pọ̀ síbẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ò sì jẹ̀bi. Olùkọ́ kan tó ń lọ Ìlọrin lójoojúmọ́ ti ra ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, nígbà tí mo tú ilé tamosítáàtì, òfìfo ni mo bá. Ẹ dá a padà. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ lórí gbígbóná, ọmọṣẹ́ kan bó lójú mi. Tẹ́ ẹ bá da omi sí i tán, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, torí bí afẹ́fẹ́ bá dúró sídìí sẹ́ńsọ̀, á tún máa ka ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó ku rẹ́gúlétọ̀ epo, èyí tó ń ṣọ́ agbára tí epo fi ń lọ sí ínjẹ́kítọ̀. Lára mọ́tò tó ní ọ̀pá rọ́bà kékeré lórí ẹ̀, ẹ yọ rọ́bà náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ fi pépà funfun gbà á nídìí. Tí epo bá kán sí pépà, rọ́bà inú ẹ̀ ti ya, rẹ́gúlétọ̀ ti kú. Iná fóònù ni kẹ́ ẹ fi wò ó, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí. Bí ẹ bá ní géèjì tó ń wọn agbára epo, Tiny Light oní-sìlẹ́ńdà mẹ́rin yẹ kó fún yín ní 38 sí 44 psi tí rọ́bà bá wà ní yíyọ, kó já sí bíi 31 sí 37 tẹ́ ẹ bá dá a padà. Tẹ́ ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì tí géèjì wá ń já wálẹ̀ kíákíá, tí púlọ́ọ̀gì kan sì dúdú ju àwọn tó kù lọ, ẹ gbé ínjẹ́kítọ̀ lọ fọ̀, kẹ́ ẹ pààrọ̀ rọ́bà ìdí wọn pẹ̀lú.

Sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́, èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún un nìkan ni kẹ́ ẹ fín sí i, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ, kì í ṣe epo, kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì. Mọ́tò tó bá jẹ́ MAP ló ní, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́ níbi tó ti ń wọ ẹ́ńjìnnì, ẹ wo rọ́bà tó lọ sídìí ẹ̀ bóyá ó là tàbí ó já.

Ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ ló gbẹ̀yìn, ó sì yẹ kó gbẹ̀yìn. Tó bá ń lọ tó ń bọ̀ láàárín 0.1 àti 0.9 fólíìtì, ó ń ṣiṣẹ́. Tó bá dúró sí 0.9 nígbà tí púlọ́ọ̀gì dúdú, òótọ́ ló ń sọ, ẹ fi í sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti tún un ṣe, ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ wà á dé Ọ̀yọ́ kẹ́ ẹ wà á padà, kẹ́ ẹ wo fuel trim. Láàárín 5 sókè sí 5 sísàlẹ̀ ni mo fi ń gbé mọ́tò fún oníbàárà. Ọ́ìlì tó ń rùn epo yẹn, ẹ dà á nù lọ́jọ́ náà, ó ti ṣàn jù láti dáàbò bo ẹ́ńjìnnì.