Bí A Ṣe Lè Béèrè Ìbẹ̀rù Ẹ̀rọ Lọ́wọ́ Òṣìṣẹ́, Láti Marina dé Ṣómólú

Ẹni tó bá dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó, tí ó ń bi àwọn tó ń jáde léèrè pé, “Ṣé ẹ rò pé ẹ̀rọ máa gba iṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́?”, ìdáhùn kan náà ni yóò máa gbọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú: “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Létí wa, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ fẹ́ jọ èpè, àdúrà sì ni ènìyàn fi ń dá èpè padà. Mo ti kọ ìdáhùn yẹn sílẹ̀ rí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ẹ̀rù kò bà wọ́n. Àṣìṣe ńlá ni, òun ló sì mú mi kọ ìlànà yìí fún akọ̀wé ẹgbẹ́ oníṣẹ́ọwọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olórí àdúgbò tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ba àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rù gan-an, àti ìdí tí ẹ̀rù náà kò fi rí bákan náà ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti ní òdìkejì afárá.

Kí ẹ tó mú gègé, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn mìíràn ti béèrè níbòmíràn. Ní 2017, nínú ìwádìí Eurobarometer tí wọ́n ṣe káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè European Union, 72 nínú 100 ènìyàn ló gbà pé rọ́bọ́ọ̀tì àti ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI) ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí Pew béèrè ní Amẹ́ríkà, 72 nínú 100 náà ló sì ní ọkàn àwọn kò balẹ̀ sí àkókò tí ẹ̀rọ yóò máa ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe. Ẹni tó ń kánjú yóò ní ọ̀kan náà ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ni wọ́n béèrè ní Yúróòpù, bí ó ti ń ṣe ènìyàn lọ́kàn ni wọ́n béèrè ní Amẹ́ríkà. Nínú ìwádìí Yúróòpù yẹn kan náà, 80 nínú 100 àwọn ará Sweden ló ní èrò rere nípa rọ́bọ́ọ̀tì àti ọgbọ́n àtọwọ́dá, ẹ̀rọ kò sì wọ́n lọ́dọ̀ wọn. Èrò tèmi ni pé ohun tó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ ni pé, nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá dá òṣìṣẹ́ dúró níbẹ̀, ìgbìmọ̀ wà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn agbanisíṣẹ́ jọ dá sílẹ̀, tí yóò bá a wá iṣẹ́ mìíràn. Iṣẹ́ lè bọ́, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ní ibi tó máa bọ́ sí. Ibi tí ènìyàn máa bọ́ sí yìí ni kí ẹ máa wá ní gbogbo àdúgbò tí ẹ bá dé.

Ẹ má sì fi iye iṣẹ́ tí ẹ̀rọ lè ṣe díwọ̀n ẹ̀rù. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, IMF, àjọ àgbáyé tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó, kéde pé ọgbọ́n àtọwọ́dá yóò kan nǹkan bí 60 nínú 100 iṣẹ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀, àti 26 nínú 100 ní àwọn tí owó wọn kéré jù, ṣùgbọ́n iye yẹn kò sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Iye náà gan-an tún máa ń yí padà bí a bá yí ọ̀nà tí a gbà kà á padà. Frey àti Osborne ní Yunifásítì Oxford sọ ní 2013 pé 47 nínú 100 iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ló wà nínú ewu ńlá. Àwọn olùwádìí OECD, àjọ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ jọ wà nínú rẹ̀, ní 2016 rí 9 péré nínú 100 ní orílẹ̀-èdè 21, nítorí pé wọn kò ka orúkọ iṣẹ́ lódindi, ohun tí òṣìṣẹ́ ń ṣe nínú iṣẹ́ náà ni wọ́n kà. Ọ̀nà yìí ni kí ẹ tẹ̀lé. Ẹ má bi akọ̀wé léèrè nípa “iṣẹ́ akọ̀wé”; ẹ ní kí ó ka gbogbo ohun tó ṣe lánàá fún yín, láti ìgbà tó jókòó títí ó fi ti dúrọ́ọ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní àdúgbò kan ni kí ẹ fi yan àdúgbò náà. Ní Marina àti Broad Street, òṣìṣẹ́ báńkì pọ̀, ṣùgbọ́n nínú àwọn ọ̀dọ́ tó wà lórí káńtà, ẹ máa rí àwọn tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ló gbà wọ́n tó sì fi wọ́n ránṣẹ́ síbẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní ọkàn òun kò balẹ̀, ẹ wádìí bóyá ẹ̀rọ ló fà á, tàbí ìwé àdéhùn tó fẹ́ parí. Ẹ má sì gbàgbé oní-POS tó wà lábẹ́ agboòrùn níta báńkì kan náà, nítorí pé ẹ̀rọ ló dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ní Àpápá, ẹ ṣọ́ra: kọ̀ntéénà àti kírénì ti dín ẹrù tí ènìyàn ń rù kù tipẹ́, ṣùgbọ́n ní 2006 ni ìjọba gbé ìṣàkóso èbúté fún àwọn aládàáni, òṣìṣẹ́ púpọ̀ sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó ń sọ ìtàn náà lè da méjèèjì pọ̀.

Ṣómólú ni kí ẹ pẹ́ sí jù. Lára àwọn àgbà tó ń ṣe iṣẹ́ ìwé títẹ̀ níbẹ̀, ẹ lè rí ẹni tó fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan kí kọ̀ǹpútà tó dé. Iṣẹ́ lẹ́tà títò yẹn ti parí. Àwọn kan jókòó ti ọmọdé láti kọ́ CorelDRAW (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣètò àwòrán àti ọ̀rọ̀), àwọn kan fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn àgbà tó kù, owó ẹ̀rọ ni mo máa ń gbọ́ ju ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ: ta ló lè ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun, ta ni yóò sì wá di ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ fún iṣẹ́? Ọ̀dọ́ tó ń ṣètò ìwé ìpè ìgbéyàwó nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà ń sọ nǹkan mìíràn, pé oníbàárà ti ń gbé àwòrán tí fóònù ṣe fún un wá, tí kò sì fẹ́ san ju owó bébà lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì yìí lè ju ìyàtọ̀ Island àti Mainland lọ, nítorí náà ẹ má ṣe fi ẹnì kan ṣojú fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Ní ti ìbéèrè fúnra rẹ̀, èyí tó ṣiṣẹ́ jù lọ́wọ́ mi ni: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa fẹ́ kí ọmọ yín kọ́ iṣẹ́ yìí?” Kò sí èpè nínú rẹ̀, ẹni tí kò jẹ́ sọ pé ẹ̀rù ń ba òun yóò sì fi ọmọ rẹ̀ sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè pé, “Kí ni ẹ ti ń fi ọwọ́ ṣe tẹ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ ń ṣe báyìí?” Bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀, kí ẹ wá béèrè ìkẹta pẹ̀lú àdúrà ṣíwájú: “Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i o, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá dá dúró fún oṣù mẹ́ta, ta ni ẹ máa kọ́kọ́ pè?” Ìdáhùn ìkẹta ni yóò fi ibi tí ènìyàn máa bọ́ sí hàn, bóyá ẹgbẹ́ àjọ ni, ẹbí ní ìlú, ilẹ̀ tó ní, tàbí kò sí ẹnì kankan. Ẹ má béèrè níwájú ọ̀gá. Bí ẹ bá dé Balógun tàbí Ìdúmọ̀tà, ẹ jẹ́ kí olówò ti ta ọjà àkọ́kọ́ kí ẹ tó la ẹnu.

Ibi iṣẹ́ àti ibi tí ènìyàn ń sùn ni kí ẹ kọ, nítorí pé ẹni tó ń jí gun Third Mainland lọ sí Marina láti Ìkòròdú tàbí Agége gbé ìdààmú ibi méjèèjì dání. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu: “ọkàn mi ò balẹ̀” kò rí bákan náà pẹ̀lú “à ń wò ó níran.” Bí ènìyàn 20 ni ẹ bá bá sọ̀rọ̀, kí ẹ kọ “12 nínú 20”, ẹ má sọ ọ́ di 60 nínú 100 bí ẹni pé gbogbo àdúgbò ni ẹ bi.

Bí ẹ bá ti parí, ẹ gbé ìwé náà padà lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ wọn, ẹ kà á sókè láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn fúnra wọn sọ irú ẹ̀kọ́ tàbí owó àjọ tí àwọn fẹ́ béèrè fún. Ẹ tọ́jú ìwé náà. Nígbà tí ọdún bá yípo, ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn kan náà, ní oṣù kan náà, pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìyí ọ̀rọ̀ kan padà.