Ọrọ́ tó ń gun igi, tó ń tanná lóru: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ará Ifẹ̀ àti Iléṣà

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ilé-Ifẹ̀ ló ti ń gbin ọrọ́ tí wọ́n ń pè ní dragon fruit sẹ́yìn ilé báyìí. Ẹ̀ka rẹ̀ ní igun mẹ́ta, ó máa ń di igi mú bó ṣe ń gòkè, òru ló sì ń tanná. Èmi náà ń gbìn ín, mo sì ń ta ẹ̀ka rẹ̀, àwọn tó rà á kì í sì í pẹ́ padà wá béèrè nǹkan. Mo kó èyí tó wọ́pọ̀ jọ síbí. Ohun tó wà nídìí púpọ̀ nínú ìṣòro wọn ni pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ bí ohun ọ̀gbìn aṣálẹ̀. Inú igbó gúúsù Mẹ́síkò àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá. Igi ńlá ló ń gùn níbẹ̀, àárín ewé tó ti jẹrà ni gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n. Nínú oṣù Karùn-ún ni mo gbin ẹ̀ka mẹ́ta sẹ́yìn ilé wa ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Ìdí wọn ti rọ̀, ó dúdú, ó sì ń rùn. Mò ń bomi rin wọ́n láràárọ̀ o. Àbí omi náà ò tó ni?

Ìdáhùn: Omi ti pọ̀ jù, àbúrò. Má ṣe bomi rin wọ́n mọ́ láti òní lọ. Amọ̀ pọ̀ nínú ilẹ̀ pupa wa yìí, bí òjò bá ti rọ̀ sí i, omi kì í tètè lọ. Gbòǹgbò ọrọ́ yìí kì í sì í wọlẹ̀ jìnnà, púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ kì í kọjá sẹ̀ǹtímítà 25. Inú ẹrẹ̀ gan-an ló wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀ka náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ibi tó bá ti le ló ṣì yè. Mú ọ̀bẹ tó mú, fi sípíríìtì nù ún, kí o gé e níwọ̀n ìka mẹ́rin sókè ibi tó rà. Wá wo ojú ibi tí o gé dáadáa. Igi tín-ín-rín kan wà láàárín rẹ̀; ó yẹ kó funfun, kí ẹran tó yí i ká sì ní àwọ̀ ewé. Bí o bá rí tóótòòtó pupa rúsúrúsú kan péré lára igi àárín yẹn, ìdíbàjẹ́ náà ti gòkè kọjá ibẹ̀. Nu ọ̀bẹ, tún gé sókè sí i, títí ojú rẹ̀ yóò fi mọ́ nini. Lẹ́yìn náà, bu eérú gbígbẹ sí ojú egbò náà, gbé e sí abẹ́ òjìji fún bí ọ̀sẹ̀ kan kó fi gbẹ dáadáa.

Tí o bá fẹ́ tún un gbìn, kọ ebè fún un bí ẹni fẹ́ gbin iṣu, kí o po yanrìn odò àti ìyẹ̀fun pákó tó ti jẹrà mọ́ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Má rì í ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ, kí o so ó mọ́ igi kó má mì. Ní àsìkò òjò, omi òjò tó o. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ki ìka bọ ilẹ̀. Bó bá gbẹ délẹ̀, bomi rin ín yó, kí o sì fi í sílẹ̀ títí yóò tún fi gbẹ. Má bẹ̀rù pé òǹgbẹ á pa á. Òru ló ń ṣí àwọn ihò tó fi ń mí, á wá pa wọ́n dé lójú oòrùn kí omi ara rẹ̀ má bàa gbẹ.

Bí èyí tó ti gun ògiri bá rà nídìí, tí òkè rẹ̀ sì tutù, má tíì fà á tu. Gbòǹgbò máa ń yọ lára ẹ̀ka rẹ̀ lókè, èyí sì lè gbé e ró títí wàá fi gé ẹ̀ka míì gbìn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ọyẹ́ ni mo gbé tèmi dé Iléṣà. Ó ti di yẹ́lò lápá kan, ó wá ń funfun bọ̀. Àrùn wo nìyí?

Ìdáhùn: Oòrùn ló jó o. Abẹ́ òjìji ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ẹ wá gbé e síwájú ògiri tí oòrùn ọ̀sán ń ràn sí. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó títí òjò àkọ́kọ́ yóò fi rọ̀, kẹ́ ẹ wá máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ojú ibi tó jó kò ní padà tutù, ẹ̀ka tuntun ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ìbéèrè: Bàbá, mo gé ọrọ́ ẹnu ọgbà ní Ìlódè, mo gbìn ín. Ṣé òun náà á so?

Ìdáhùn: Rárá o. Bí ẹ bá gé e tí oje funfun bíi wàrà jáde, ọrọ́ ilẹ̀ wa nìyẹn, kì í ṣe dragon fruit. Oje yẹn ń ba ojú jẹ́. Ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa, ẹ má sì jẹ́ káwọn ọmọdé fọwọ́ kàn án.

Ìbéèrè: Ọdún mẹ́ta rèé tí tèmi ti ń gun ògiri wa ní Ìrẹ̀mọ, kò tanná rí. Kò sí ìgbẹ́ adìyẹ tí mi ò dà sí i.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ dá ìgbẹ́ adìyẹ náà dúró ná. Ẹ̀ka ló ń mú un yọ, kò ní jẹ́ kó ronú òdòdó. Ìbéèrè tèmi ni pé, níbo ni orí àwọn ẹ̀ka náà wà? Bí wọ́n bá ṣì ń wá ibi tí wọ́n á gùn, gígùn ni wọ́n á máa gùn. Èyí tó bá ti gbó, tó dé òkè, tó wá forí kọ́lẹ̀, lára rẹ̀ ni òdòdó máa ń pọ̀ sí. Ẹ fi ẹyọ ẹ̀ka kan ṣoṣo sílẹ̀ kó gòkè, kẹ́ ẹ gé gbogbo èyí tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá ti ga tó mítà kan àti àbọ̀, ẹ gé ṣóńṣó orí rẹ̀. Ẹ̀ka á yọ lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ̀yin wá jẹ́ kí wọ́n wó wálẹ̀.

Ògiri tí ẹ sọ yìí náà ń kọ mí lóminú. Bí oòrùn kò bá kàn án tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ẹ má retí púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àsìkò tún ṣe pàtàkì. Ìgbà tí ojúmọmọ bá gùn ló ń tanná. Níhìn-ín, ojúmọmọ máa ń tó nǹkan bí wákàtí 12 àti àbọ̀ ní oṣù Kẹfà, kì í sì í pé 12 ní oṣù Kejìlá. Ìdí nìyẹn tí òdòdó fi ń wọ́pọ̀ láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá. Àwọn àgbẹ̀ Vietnam máa ń tan gílóòbù sí oko wọn lóru lásìkò tí ojúmọmọ kúrú, kí ọrọ́ náà lè máa tanná. Fún àwa tí iná ìjọba wa ń ṣe ségesège, ẹ jẹ́ ká dúró de àsìkò rẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ Yunifásítì ni mí, ẹ̀gbọ́n. Tèmi tanná dáadáa, ṣùgbọ́n òdòdó náà di yẹ́lò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó já bọ́. Kò sí èso.

Ìdáhùn: Kò rí ẹni bá a gbé lẹ́búlẹ́bú, ìyẹ̀fun akọ òdòdó, dé ara abo rẹ̀. Nílé rẹ̀, àdán àti àwọn labalábá òru ńláńlá ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Àdán pọ̀ nínú ọgbà yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò ní gbára lé wọn. Ṣe é fúnra rẹ.

Alẹ́ kan ṣoṣo lo ní. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, nígbà tó bá fi di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, á ti ṣí tán, funfun báláú, ó gùn tó rúlà ọmọ iléèwé, òórùn rẹ̀ á sì ti gba ibẹ̀ kan. Tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Wàá rí okùn wẹ́wẹ́ rẹpẹtẹ tí lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò wà lórí wọn, akọ rẹ̀ nìyẹn. Láàárín wọn ni ọ̀pá kan ti yọ síta jù wọ́n lọ, orí rẹ̀ là sí ìka wẹ́wẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Abo rẹ̀ nìyẹn. Torí pé abo yọ jìnnà sí akọ, lẹ́búlẹ́bú kì í sábà dé orí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Fi bùrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kó o, kí o fi pa gbogbo ìka yẹn. Bí o bá ti sùn lọ, o ṣì lè ṣe é ní ìdájí kí oòrùn tó mú.

Àwọn irú kan wà, pàápàá nínú àwọn tí inú wọn pupa, tí kì í gba lẹ́búlẹ́bú ara wọn. Wá ẹnì kan tó ní irú mìíràn, kí ẹ jọ máa pín in. Bó bá gbà, ìdí òdòdó náà á dúró ní àwọ̀ ewé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Láàárín oṣù kan sí oṣù kan àti àbọ̀, èso á pọ́n.

Ìbéèrè: Èèrà bo òdòdó tí kò tíì ṣí. Ṣé kí n fín oògùn sí i?

Ìdáhùn: Omi dídùn tó ń sun lára rẹ̀ ni wọ́n ń lá. Wo abẹ́ wọn ná: bí ohun funfun bí òwú bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, kòkòrò tó ń fa omi ara rẹ̀ nìyẹn, èèrà sì ni ọ̀gá tó ń dáàbò bò ó. Fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́. Má fín oògùn líle sí òdòdó. Ìgbín ni kí o máa ṣọ́ lásìkò òjò, ó ń jẹ ẹ̀ka tuntun mọ́jú. Ṣà á lóru.

Ìbéèrè: Ọparun tí mo fi ṣe òpó fún un ti ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ìdáhùn: Ikán ti jẹ ẹ́ nísàlẹ̀. Ọrọ́ tó gbó wúwo, omi ló kún inú rẹ̀. Òpó kọnkéré tí írọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀ ló dára jù, kẹ́ ẹ fi táyà ògbólógbòó sí orí rẹ̀ kí ẹ̀ka lè gbà á kọjá wálẹ̀. Ẹni tí kò lówó kọnkéré lè gbin akòko tàbí àgúnmániyè, kó jẹ́ kí ọrọ́ gun igi tó wà láàyè, bó ṣe ń ṣe nínú igbó rẹ̀. Kẹ́ ẹ ṣá máa gé orí igi náà lọ́dọọdún kí òjìji rẹ̀ má bàa bò ó.

Ìbéèrè: Ọmọ mi jẹ èyí tí inú rẹ̀ pupa, ìtọ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀ wá pọ́n. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ìdáhùn: Àwọ̀ èso náà ló gba ibẹ̀ jáde, kò léwu. Ẹ fún un lómi mu dáadáa. Bó bá kọjá ọjọ́ méjì tí kò tíì mọ́, tàbí tí ọmọ náà ń sọ pé ó ń dun òun bó ṣe ń tọ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ sì sọ fún wọn pé ó jẹ ẹ́.